Bọ́ọ̀lù Tí Barnabas Bá Àgbà Gbé

Ọwọ́ Barnabas ará Àràndùn kì í mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á fi kẹrosíìnì pa á, á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn bó o, síbẹ̀ abẹ́ èékánná rẹ̀ á ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Rhoda ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àgbẹ̀ ni wọ́n fi òun fún, mẹkáníìkì ni òun bá nínú ilé. Ṣùgbọ́n Barnabas kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò ní orúkọ lédè wa, nítorí pé kí àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà tó pa àgọ́ sí ẹ̀yìn Ọ̀mù-Àrán, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Pápá gọ́ọ̀fù ló ń tọ́jú.

Ẹni tí kò bá rí gọ́ọ̀fù rí, kó má bẹ̀rù, kò le. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré kan tí kò ju ẹnu ife lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ri àsíá mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣeré á wá máa fi igi lu bọ́ọ̀lù tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, títí tí yóò fi kó sínú ihò. Tí ènìyàn méjì bá ń figẹ̀ wọngẹ̀, ẹni tó bá lu tirẹ̀ níye tó kéré ló ni ihò yẹn, ẹni tó bá sì ni ihò púpọ̀ ló borí. Ihò mẹ́sàn-án ló wà ní pápá tiwa. Nílùú òyìnbó, koríko kúnnákúnná ni wọ́n ń gbìn yí ihò ká, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irú koríko bẹ́ẹ̀ yè. Yanrìn ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀, wọ́n á fi ọ́ìlì tí mọ́tò ti lò gbó pò ó, wọ́n á tẹ́ ẹ roboto sí ìdí ihò. Iṣẹ́ Barnabas àti Gana, Nupé onírùngbọ̀n kan tó ti Ṣàárẹ́ wá, ni láti máa po yanrìn náà, kí wọ́n sì máa fi igi gbọọrọ tí wọ́n fi àpò wé wọ́ ọ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni dúdú ọwọ́ ti wá.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá yanrìn yìí. Tí ọyẹ́ bá mú, tí a ò rí òkè mọ́, tí ètè tọmọdé tàgbà ń là, ọ́ìlì inú rẹ̀ á dì mọ́jú. Barnabas á dé pápá ní kùtùkùtù, á bá a tó ti le gan-an. Òun àti Gana á da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, wọ́n á máa fọwọ́ rún un, òtútù á máa wọ̀ wọ́n légungun. Àwọn òyìnbó, ní tiwọn, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ràn. Gírénjà, ẹnjiníà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, sọ fún Barnabas lọ́jọ́ kan pé nílùú òun, tí ìgbà òtútù bá dé, ìrì a máa dì lórí koríko títí gbogbo pápá á fi funfun, ẹsẹ̀ á máa dún kẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn èèyàn á sì wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á jáde lọ gbá gọ́ọ̀fù nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù kì í dúró lórí ilẹ̀ tó bá dì, pé ọyẹ́ tiwa nìkan lòun rí tó jọ ọ́. Àárò ilé ló ń sọ ọkùnrin náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ìdíje kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ife Ọyẹ́, oṣù kìíní ọdún ni wọ́n ń ṣe é, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹni tórí rẹ̀ pé ṣì ń yáná.

Ìdíje náà ò kan Barnabas. Tirẹ̀ ni kó wọ́ yanrìn, kó na àsíá ró, kó kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló lè bo ojú ẹni tó ń wòran? Láti ọdún méjì ṣáájú òmìnira ló ti ń ṣa igi tí àwọn òyìnbó bá ṣẹ́ sọ nù, á fi wáyà àti rọ́bà táyà dì í, á sì ti gbá ihò mẹ́ta mẹ́rin kí àwọn tó ni pápá tó jí. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá a. Ó mọ ilẹ̀ yẹn bí obìnrin ṣe mọ inú ìsaasùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, kò yẹ kéèyàn lu bọ́ọ̀lù sókè, nítorí tó bá balẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, ó di inú igbó. Ṣe ni kéèyàn rọra lù ú kó máa sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó jẹ́ ilẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Àwọn òyìnbó ò mọ èyí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lu bọ́ọ̀lù sókè, tí wọ́n ń wọgbó, tí wọ́n ń ṣépè, lọ́dọọdún ni Barnabas ń bá wọn wá a, tí kò sì sọ nǹkan kan. Wọn ò kúkú bi í.

Nígbà tí òmìnira dé, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Àràndùn. Òun àti Rhoda fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀mù-Àrán lọ wo àsíá tuntun. Ó rò pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á ní kó wá ṣeré. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù, oṣù di ọdún méje. Wọ́n yọ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, èyí tó ní òyìnbó nìkan, wọ́n fi òmíràn síbẹ̀ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Barnabas ló mú òòlù kan èyí tuntun mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé wa kúrò lára Kàdúná, wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Àwọn ọmọ wa tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba lókè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, wọ́n ń gba ipò ní Ìlọrin. Ọ̀kan nínú wọn ni Alàgbà Lawrence Ọlábọ̀dé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá ńlá níléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá. Àárín agboolé àwọn Barnabas ní Àràndùn ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀, nítorí náà, bàbá ló jẹ́ sí Barnabas, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún jù ú lọ. Ó mọ gọ́ọ̀fù gbá díẹ̀, Kàdúná ló ti kọ́ ọ. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ yẹn, nígbà tó sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní pápá, Barnabas dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí eruku, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ ti dé.

Ọdún méjì tún kọjá. Gírénjà ló wá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó padà sílé. Ó ti rí Barnabas láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fi igi onírọ́bà gbá ihò kẹrin, ó sì dúró sẹ́yìn igi ẹ̀mí wò ó títí. Nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin yìí bá wọn díje Ife Ọyẹ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní ta ni yóò wá wọ́ yanrìn. Alàgbà Ọlábọ̀dé ló parí ẹjọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ kó ṣeré." Wọ́n gbà, nítorí wọ́n mọ̀ dájú pé ọjọ́ kìíní ló máa já. Bẹ́ẹ̀, òfin wọn ni pé ẹni tó bá gba Ife Ọyẹ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ìrókò tó wà nínú ilé ẹgbẹ́, á sì di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé, àlejò ni o, onílé ni o. Ohun tí Barnabas ń wá nìyẹn. Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, kó gbá bọ́ọ̀lù lójú oòrùn bí ẹni tí kò jalè.

Ọyẹ́ tí wọ́n ń wí yìí ni ti ọdún 1970, nígbà tí rédíò ń pariwo pé ogun ti parí. Òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Gírénjà yá Barnabas ní bàtà tirẹ̀ kan tó tóbi jù ú lọ, Rhoda ki ìwé ìròyìn bọ imú rẹ̀. Ó na ẹni kìíní. Ó na ẹnì kejì, òyìnbó pupa kan tó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó na ẹnì kẹta débi pé ọkùnrin yẹn ò dúró kí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Ó wá ku òun àti Alàgbà Ọlábọ̀dé.

Àárọ̀ Sátidé ni. Kùrukùru ọyẹ́ nípọn bí ẹ̀kọ, èémí ń jáde lẹ́nu èèyàn bí èéfín. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi súwẹ́tà wé orí, wọ́n ń tẹ̀lé wọn láti ihò dé ihò. Gana ló ru báàgì fún Barnabas. Ihò méjì àkọ́kọ́, Ọlábọ̀dé ló ni ín, nítorí bàtà ń gbé Barnabas ṣubú. Láti ìkẹta lọ, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù lọ, Ọlábọ̀dé ń lu tirẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Kàdúná. Nígbà tí wọ́n dé ihò kẹsàn-án, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ni ihò yìí ló ni ife.

Barnabas lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró síbi tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ihò. Ọmọ tó ń rá kòrò lè tì í wọlé. Ọlábọ̀dé ti lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ṣì ku ìṣísẹ̀ márùn-ún. Bó tilẹ̀ wọlé lọ́wọ́ kan, ó ti di márùn-ún, mẹ́rin sì ni ti Barnabas. Ó ti tán. Gana ti ń fọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ó ku ìlànà kan ṣoṣo. Lórí yanrìn, kí ẹni tó ń ṣeré tó lu bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú ihò, á kọ́kọ́ gbé e, á fi àmì síbẹ̀, wọ́n á wọ́ yanrìn kó tẹ́, á wá dá a padà. Oníkálùkù ló ń gbé tirẹ̀. Alàgbà Ọlábọ̀dé rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó fọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó na ọwọ́ kejì sílẹ̀, ọwọ́ ò dé ilẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ẹni tó ti ń fi èdè òyìnbó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá la ẹnu, ó fi Ìgbómìnà tó dán sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Yéè, ẹ̀yìn mi o." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé ire, kí lẹ ó ṣe? Ní Àràndùn, tí àgbà bá ti dìbàdí mú tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó ti bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ nìyẹn. Kò ní í fi ẹnu pè ọ́. Tó o bá dúró tó ò ń wò ó, tó fi fúnra rẹ̀ tẹ̀ ba tó mú nǹkan nílẹ̀, ìwọ kọ́ ni wọ́n máa bú, ìyá rẹ ni. Ẹgba ni Barnabas fi kọ́ èyí kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ara rẹ̀ ti kúnlẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó fi àyà ẹ̀wù funfun tí Rhoda lọ̀ fún un nu ọ́ìlì ara rẹ̀ kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

Gana ju báàgì sílẹ̀.

Gírénjà fọwọ́ lé orí. Ó ní, "Barnabas, kí lo ṣe yìí?" Ìgbà yẹn ni Barnabas tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Kì í ṣe pé kò mọ òfin, ó mọ òfin náà ju àwọn tó kọ ọ́ lọ: ní pápá yẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ẹni tó ń bá a díje, ó pàdánù ihò yẹn lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Òyìnbó náà ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Ọlábọ̀dé. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ní kó bá yín gbé e ni? Tó bá jẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ ni, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ẹ kàn sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ ni. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ò dùn ún mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló lè sọ fún òyìnbó yẹn pé, nílé tiwa, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bẹ ọmọ níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó. Barnabas gbójú sókè wò ó bí ọmọ ṣe ń wo bàbá. Ọlábọ̀dé wo àsíá, ó wo kùrukùru, ó ní, "Rárá. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan."

Wọ́n gbé ife fún un lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Barnabas wá. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Barnabas, o ṣe bí ọmọ. Àwọn tó tọ́ ọ tọ́ ọ ire. Ife lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìwà kì í bọ́. Má jẹ́ kí ayé gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ o." Barnabas fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ ṣé, bàbá." Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló pa á jù, ju ife lọ, ju pátákó lọ. Ó ti kí ẹni tó jà á lólè kú iṣẹ́.

Gana ò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe lọ, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti tẹ̀ ba gbé bọ́ọ̀lù yẹn ní ihò mẹ́jọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn ò dùn ún. Mo kà á. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe." Barnabas ní kó dákẹ́, pé àgbà ni. Gana ní àgbà wo? Ó ru igi tí wọ́n fi ń wọ́ yanrìn, ó lọ.

Nílé, Rhoda gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ro ó, ó tún un rò. Ó ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe? Ṣé kó o máa wo bàbá tẹ́yìn ń dùn ni? Kí la fẹ́ sọ ní Àràndùn?" Obìnrin náà ò sọ ọ́ láti fi bú u, ire ló ń rò sí i. Barnabas wò ó, ó rí i pé kò sí ibi tí òun lè gbé ẹjọ́ yìí lọ láyé. Àwọn òyìnbó ní ó rú òfin. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ó ṣe dáadáa. Yàtọ̀ sí Gana, kò sí ẹni kankan tó ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Gírénjà lọ lóṣù kejì. Barnabas wọ́ yanrìn fún ọdún mẹ́rin sí i, ó ń na àsíá ró fún Alàgbà Ọlábọ̀dé, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àárọ̀ o, alẹ́ o. Nígbà tí kọ́ńpìnì àwọn òyìnbó la ọ̀nà tán tí wọ́n kó ẹrù wọn, igbó gba pápá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó pátákó ìrókò wọn lọ sí Ìlọrin. Barnabas padà sí oko bàbá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tó yá.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Àràndùn. Rúùtù, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níwájú wọn ni Ìyá Lábísí ń rìn, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀pá rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí kọjá lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá náà di ògiri mú, ó ní, "Yéè." Rúùtù ti ń sáré lọ bá a gbé e. Bí Barnabas ṣe gbọ́ "Yéè" yẹn, ihò kẹsàn-án ló rántí, ó gbá ọwọ́ ọmọ náà mú.

Ó dì í mú pinpin. Àwọn èèyàn tó ń jáde dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Rhoda yíjú padà láti ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ là. Ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọ̀pá nílẹ̀.

Rúùtù ní, "Bàbá mi, ìyá ò lè bẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Barnabas wí, kò sì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.